Kí Ló Dé Tí Rédíò Ireland Fi Ń Ka Orúkọ Òkú Láràárọ̀?

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ireland, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìgbèríko, kì í pẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń gbé Dublin lè má gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá wà ní ìgbèríko Mayo tàbí Donegal ò lè ṣàì gbọ́ ọ. Ìbéèrè wọn ló máa ń ṣáájú nísàlẹ̀ yìí, ìdáhùn mi á sì tẹ̀ lé e.

Mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, orin ń dún lórí rédíò. Ló bá dákẹ́, obìnrin kan wá ń to orúkọ àwọn tó kú. Ṣé jàǹbá ṣẹlẹ̀ ni?

Jàǹbá kankan ò ṣẹlẹ̀. Ìkéde òkú ni, wọ́n sì ń kà á lójoojúmọ́. Midwest Radio ní Mayo ń kà á, Highland Radio ní Donegal ń kà á, Radio Kerry àti Clare FM náà ò gbẹ́yìn. Láti 1926 ni rédíò ìjọba ti wà ní Ireland, ṣùgbọ́n ti gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn, kò ráyè òkú abúlé kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 1988 ló fàyè gba rédíò àgbègbè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn láti 1989. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ìkéde òkú kúrò ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á pa rédíò wọn tì.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Wọ́n á pe orúkọ olóògbé. Bó bá jẹ́ obìnrin tó ti lọ́kọ, wọ́n á fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kún un, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́mọge lè dá a mọ̀. Wọ́n á dárúkọ abúlé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí, aago tí èèyàn lè wá wò ó, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á ti ṣe Mísà, àti itẹ́ òkú tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ṣebí à ń kéde òkú lórí rédíò nílé náà. Kí ló wá yàtọ̀?

Ọjọ́ ló yàtọ̀. Nílé, bí àgbàlagbà bá kú, mọ́ṣúárì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹbí á ṣèpàdé, wọ́n á mú àǹkárá tàbí léèsì, wọ́n á dúró de ọmọ tó wà lókè òkun, oṣù kan lè kọjá, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí rédíò bá fi máa gbọ́, gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀, aṣọ ti wà lọ́wọ́ télọ̀.

Ní Ireland, ẹni tó kú lọ́jọ́ Ajé lè ti wọlẹ̀ lọ́jọ́rú tàbí lọ́jọ́bọ̀. (Àwọn Mùsùlùmí wa nìkan ló yá jù wọ́n lọ.) Kò sáyè pé à ń tẹ káàdì ìpè, kò sí pé ẹnì kan ń lọ láti ilé dé ilé. Ohun tí rédíò kà yẹn gan-an ni ìpè, gbogbo ayé ni wọ́n sì fi pè. Ẹbí olóògbé ò ní fóònù yín. Wọ́n gbà pé ẹ ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n ń lọ síbi òkú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Òótọ́ ni. Torí alààyè ni wọ́n ṣe ń lọ. Ìyá ọ̀gá ibi iṣẹ́, bàbá ẹni tí ọmọ wọn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, arábìnrin ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ fún wọn: wọ́n á lọ. Àwọn aṣòfin kì í sì í fi irú rẹ̀ ṣeré, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò ń wo ẹni tó wá.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rí i pé èrò ti tò síta, òjò ì báà máa rọ̀. Ìlà á máa lọ díẹ̀díẹ̀ wọnú yàrá. Ẹbí tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, pósí sì sábà máa ń wà ní ṣíṣí. Ẹ ó bọ ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ẹ ó bá a kẹ́dùn ní gbólóhùn kan, ẹ ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, títí dé ìparí. Ẹ lè tò fún wákàtí kan kí ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ má sì lò tó ìṣẹ́jú méjì níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó ń retí ọ̀rọ̀ gígùn. Bó bá jẹ́ inú ilé ni wọ́n tẹ́ òkú sí, tíì àti búrẹ́dì oníhamù á pọ̀, àwọn àgbà kan ṣì ń dá aago ògiri dúró, wọ́n á sì faṣọ bo dígí.

Wọ́n ní ilé wà fún ẹbí nìkan, àti pé kí àwọn ẹlòmíì má mú òdòdó wá.

Ohun tí wọ́n sọ náà ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má lọ sílé, ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ wá. Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ra òdòdó, wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ fi ta ilé ìtọ́jú aláìsàn kan lọ́rẹ.

Íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rédíò ni?

Ó ti gba apá kan. Ọdún 2005 ni wọ́n dá RIP.ie, ìkànnì ìkéde òkú, sílẹ̀ ní ìlú Dundalk, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣí wò báyìí kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Irish Times rà á ní 2024. Láti oṣù kìíní 2025, wọ́n ń gba 100 yúrò lórí ìkéde kọ̀ọ̀kan, inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì dùn. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn ọmọ tó wà ní Boston tàbí London ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ rédíò ilé wọn. Nígbà Kòrónà ní 2020, tí ìjọba ní èèyàn mẹ́wàá péré ló lè wá síbi ìsìnkú, àwọn aládùúgbò tò sẹ́bàá títì tí ọkọ̀ òkú ń gbà kọjá.

Agogo tí rédíò ìjọba ń lù lọ́sàn-án ńkọ́?

Ìyẹn ò kan òkú. Agogo àdúrà ìjọ Àgùdà ni, aago méjìlá ọ̀sán àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti 1950.

Bàbá ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kú. Kí ni kí n mú dání?

Ẹ má di owó sínú àpòòwé. Káàdì Mísà ni kẹ́ ẹ mú lọ, èyí tí àlùfáà fi ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á ṣe Mísà fún olóògbé. Ẹ gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Òfin ọdún 2009 kan ka títà á láìní àdéhùn pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù tàbí olórí ẹgbẹ́ àlùfáà léèwọ̀, torí àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Ẹ wọ aṣọ tó dúdú díẹ̀; aṣọ ẹbí ò sí, kò sì sí báàfù tí wọ́n ya àwòrán bàbá sí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bá àwọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn itẹ́ òkú, ẹ tẹ̀ lé wọn, wọ́n á fún yín lóúnjẹ. Bí iṣẹ́ alẹ́ ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lọ, wọ́n á tún ṣe Mísà mìíràn fún un bí oṣù kan bá pé. Ẹ lè lọ síyẹn.