Bí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ fásitì ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ obìnrin

Ní fásitì ilẹ̀ Nàìjíríà, olùkọ́ tó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní láti kọ́kọ́ di olùkọ́ onípele kejì, kó di onípele kìíní, kó di olùkọ́ àgbà, kó sì di rídà, ọdún 3 ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Òfin ìgbéga kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ohun tí wọ́n ń kà ló ń yà wọ́n.

Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, ni wọ́n ń kà jù. Bí àsìkò bá tó, olùkọ́ á kọ fọ́ọ̀mù, á to àpilẹ̀kọ rẹ̀ jọ, ìgbìmọ̀ á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì; tó bá jẹ́ ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni, wọ́n á tún fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì mìíràn, ó sì lè lé ní ọdún kan kí èsì tó dé. Ẹni tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò bá pé á dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ obìnrin sì rèé, àárín ìgbà tí wọ́n ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé àti ìgbà tí wọ́n ń wá ipò olùkọ́ àgbà gan-an ni wọ́n ń bímọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí á ti tán kí ọmọ tó mọ oorun sùn mọ́jú. Bí ọmọ bá wá sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìdì ìwé ìdánwò ni ìyá á kọ́kọ́ tú, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ ń retí èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè àpilẹ̀kọ, ibi tó bá a dé lóṣù tó kọjá náà ló máa wà.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn tún wà tó sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ obìnrin: ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìṣòro, àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò, ètò àlejò. Ẹ̀ka kankan kò lè dúró láìsí wọn, síbẹ̀ máàkì wọn kì í tó ti àpilẹ̀kọ.

Ìdádúró ìpele kan máa ń wọ inú ìpele tó tẹ̀ lé e. Nítorí pé wọ́n sábà máa ń béèrè ọdún 10 nípò ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ di gíwá, ìyẹn olórí fásitì, ẹni tó pẹ́ dé ibẹ̀ lè sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, èyí tó jẹ́ ẹni ọdún 70, kó tó yẹ fún un. Ọdún 1948 ni ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1973 ni Felicia Adetoun Ogunsheye di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Grace Alele-Williams di gíwá Fásitì Benin ní 1985, òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di gíwá ní Nàìjíríà. Fásitì Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kò ní obìnrin tí wọ́n yàn ní gíwá gan-an títí di 2022, nígbà tó kan Folasade Ogunsola.

Ní ọ̀pọ̀ fásitì Amẹ́ríkà, olùkọ́ tí kò bá gba ìgbéga kí gbèdéke rẹ̀ tó pé lè pàdánù iṣẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi ọdún kan kún gbèdéke olùkọ́ tó bá bímọ. Ìyẹn nìkan kò lè ran tiwa lọ́wọ́, torí pé níbí, ẹni tó bá pẹ́ kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ipò rẹ̀ ni kò kúrò lójú kan. Ohun tó bá tiwa mu ni kí ìgbìmọ̀ yọ oṣù ìsinmi kúrò nínú ìṣirò, kí wọ́n fi oṣù tí olùkọ́ fi ṣiṣẹ́ gan-an wọn iye àpilẹ̀kọ rẹ̀, kí iṣẹ́ ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní máàkì tó jọjú nínú fọ́ọ̀mù.