Kì í ṣe ọdún 1831 ni ipò àwọn ọmọdébìnrin oníjó Opéra ti bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdébìnrin tó ń jó ballet ní Opéra ìlú Paris bá délẹ̀, 1831 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń tọ́ka sí. Ìgbà náà ni Louis Véron di ọ̀gá ibẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn yàrá tí àwọn oníjó ti ń nara fún àwọn olówó tó ń sanwó ìjókòó ọdọọdún. Ó pẹ́ jù.

Ní 1661 ni Ọba Louis Kẹrìnlá kó olùkọ́ ijó 13 jọ di ẹgbẹ́. Lórí ìtàgé Opéra, ọkùnrin tó gbé ìbòjú wọ̀ ló ń ṣe obìnrin, títí di 1681 tí Mademoiselle de La Fontaine àti àwọn mẹ́ta mìíràn jó nínú Le Triomphe de l'Amour. Àwọn obìnrin ààfin ló kọ́kọ́ jó eré yìí níwájú ọba. Nígbà tó dé Paris ńkọ́? Aya ìjòyè wo ni yóò gbà kí ẹni tó sanwó ẹnu ọ̀nà máa wo òun? Lérò tèmi, ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún ọmọ mẹ̀kúnnù: ohun tí ọmọ ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì, òun lè fi jẹun.

Ní 1713 ọba pàṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ijó fún Opéra, láìgba owó. Àwọn ará St. Petersburg ní Rọ́ṣíà a máa fọ́nnu nípa ilé ẹ̀kọ́ ijó tiwọn, àmọ́ 1738 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Jean-Baptiste Landé tó dá a sílẹ̀ sì jẹ́ ará Faransé.

Ìwé orúkọ Opéra lágbára ju ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Kí wọ́n tó dìtẹ̀ sí ọba ní 1789, ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọbẹ̀ ti bọ́ lábẹ́ àṣẹ bàbá. Bó bá lọ́kọ, ó bọ́ lábẹ́ tọkọ pẹ̀lú. Abájọ tí Madeleine Guimard, oníjó Opéra, fi lè ní ilé ńlá tí Ledoux yàwòrán rẹ̀, tíátà wà nínú ilé náà.

Ẹsẹ̀ ló ń san gbèsè ipò yìí. Bàtà sátínì ìgbà Marie Taglioni, tó jó La Sylphide ní 1832, kò ní ohun líle ní orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Oníjó fúnra rẹ̀ ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léraléra kó lè le díẹ̀; iṣan ẹsẹ̀ ló ń gbé ìyókù. Ti Emma Livry, oníjó mìíràn, tún burú ju ìyẹn lọ. Oògùn tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ kí iná má baà ràn án máa ń mú kó le, kó sì ṣú, nítorí náà ó kọ̀ ọ́. Iná gáàsì ran yẹ̀rì rẹ̀ níbi ìdánrawò ní 1862, ó sì kú lọ́dún kejì.

Láyé ìgbà náà, ìdánwò ló ń gbé oníjó láti ipò quadrille, tó wà nísàlẹ̀, dé coryphée, títí dé sujet. Ìyá Marie van Goethem, ọmọ oníjó tí Degas ayàwòrán fi ìda mọ ère rẹ̀ tó gbé jáde ní 1881, alágbàfọ̀ ni. Wọ́n lé Marie ní 1882 torí pé kì í wá síbi ìdánrawò. Louise-Joséphine àbúrò rẹ̀ dúró, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Láyé Serge Lifar, ọ̀gá àwọn oníjó Opéra, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá tí Véron ṣí mọ́ àwọn olówó. Ní 1987 ilé ẹ̀kọ́ kó lọ sí Nanterre, ó sì ní ilé ibùgbé fún àwọn ọmọ.