Ṣé òmìnira ló sọ àwọn ọmọ Sófíẹ́tì àtijọ́ di òtòṣì?

Bí àríyànjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá ó yẹ kí ẹ̀yà kan kúrò lára orílẹ̀-èdè tó wà, ẹnìkan á dìde, á ní: "Ẹ wo Sófíẹ́tì. Nígbà tí wọ́n wà pa pọ̀, gbogbo wọn ló ń jẹun, gbogbo wọn ló níṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pínyà ni ìyà bẹ̀rẹ̀." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó kàwé ní Moscow àti Kyiv láyé ọjọ́un, àwọn tí ìjọba Sófíẹ́tì fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí. Ìyà jẹ àwọn èèyàn náà lóòótọ́. Àmọ́ ká ní òmìnira ló fa ìyà ọ̀hún, ibẹ̀ ni mi ò ti lè bá wọn lọ.

Ọrọ̀ ajé Sófíẹ́tì ti dẹnu kọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pínyà. Ní 1986, iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì lágbàáyé já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo ni Moscow fi ń rí owó òkèèrè. Ìjọba kò dín ìnáwó kù, ó kàn ń tẹ owó síta. Ìjọba yìí kan náà ló sì ń pàṣẹ iye tí wọ́n gbọdọ̀ ta búrẹ́dì, ṣúgà àti ọṣẹ. Owó ọjà kò wá lè gòkè, ọjà fúnra rẹ̀ ló ń pòórá. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà epo bẹntiróò ní Nàìjíríà rí, tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí wà lára ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí epo kò sí níbẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Kí 1990 tó parí, ìwé ìpín ni wọ́n fi ń ra ṣúgà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní January 1991, ìjọba Gorbachev, olórí Sófíẹ́tì nígbà náà, kéde lójijì pé owó ruble 50 àti 100 kì í ṣe owó mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún aráàlú láti pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan pààrọ̀ ju 1,000 ruble lọ. Nígbà tó di April, ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún owó oúnjẹ. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí àsíá pupa Sófíẹ́tì ṣì ń fẹ́ lórí Kremlin, ilé ìjọba wọn ní Moscow.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe jáde. Estonia kéde òmìnira ní August 20, 1991. Ukraine kéde tirẹ̀ ní August 24, Belarus sì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀, owó kan náà ni wọ́n sì ń ná. Bó bá jẹ́ òmìnira ni àrùn náà, bákan náà ló yẹ kó ṣe wọ́n, Rọ́ṣíà tí wọ́n kúrò lára rẹ̀ sì yẹ kó bọ́. Rọ́ṣíà kò bọ́. Ní 1992, ohun tí wọ́n ń ra ní ruble 1 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti lé ní ruble 25 nígbà tí ọdún fi parí. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọkùnrin níbẹ̀ débi pé, nígbà tó di 1994, ọjọ́ orí tí ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lè retí kò tó ọdún 58 mọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Ibi tí àwọn èèyàn kì í sábà wò ni ọwọ́ tó ń kọ ẹ̀yáwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992, Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì ti túká, àmọ́ owó ruble kò túká. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ná an, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní báńkì àpapọ̀ tirẹ̀. Moscow nìkan ló lè tẹ bébà owó, ṣùgbọ́n báńkì kọ̀ọ̀kan lè fi gègé kọ ẹ̀yáwó sínú ìwé. Báńkì tó wà ní Kyiv, olú ìlú Ukraine, lè kọ ọ́ pé òun yá iléeṣẹ́ irin kan lówó, iléeṣẹ́ náà á sì fi owó inú ìwé yẹn ra epo lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, gbogbo wọn ló jọ máa pín in. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń kó ara rẹ̀ níjàánu ló ń pàdánù, nítorí náà kálukú sáré kọ tirẹ̀.

Estonia ló kọ́kọ́ jáde kúrò nínú rẹ̀. Ní June 20, 1992, wọ́n gbé owó tiwọn, kroon, jáde. Ruble 1,500 ni wọ́n ní kí olùgbé kọ̀ọ̀kan mú wá, ruble 10 sí kroon 1, èyí túmọ̀ sí pé kroon 150 ni èèyàn bá délé. Wọ́n so owó náà mọ́ owó Jámánì, kroon 8 sí mark 1, wọ́n sì fi òfin dì í pé báńkì àpapọ̀ kò gbọdọ̀ yá ìjọba lówó. Góòlù àti owó òkèèrè gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún kroon tí wọ́n bá gbé síta. Apá kan góòlù ọ̀hún jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ sókè òkun kí Stalin tó gba ilẹ̀ wọn ní 1940, tí Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá tọ̀dọ̀ rẹ̀ padà ní 1992. Mart Laar, ọmọ ọdún 32, ló di olórí ìjọba ní October ọdún náà. Nígbà tí báńkì ńlá kan ní Tartu ṣubú, wọ́n jẹ́ kó kú. Àwọn tó fowó síbẹ̀ pàdánù, ó sì dùn wọ́n títí di òní. Àmọ́ ọ̀wọ́n gógó tó sọ owó ọjà di ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ ní 1992 kò tó ìlọ́po méjì mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ukraine náà ní owó tiwọn kí 1992 tó parí, wọ́n ń pè é ní karbovanets. Ẹni tó bá rò pé owó tara ẹni nìkan ti tó, kó wo ibí yìí dáadáa. Ní December 1, 1991, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 àwọn tó dìbò tó fọwọ́ sí òmìnira, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì yan Leonid Kravchuk sípò ààrẹ. Kravchuk fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ kọ́múníìsì. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ àti olórí oko ìjọba tó wà nípò tẹ́lẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn yìí ló ń béèrè ẹ̀yáwó, àwọn yìí náà ló ń fọwọ́ sí i, pẹ̀lú èlé tí kò tó nǹkan. Ní 1993, ọjà gòkè ní ohun tó ju ìlọ́po 100 lọ láàárín ọdún kan. Ẹni tó yá mílíọ̀nù kan ní January, tó fi ra irin ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí, tó ta irin náà sókè òkun fún dọ́là, bébà lásán ló dá padà ní December. Ìyá àgbà tó ti ń fowó pamọ́ sí báńkì láti ogún ọdún ló san ìyókù. Lójú tèmi, olè jíjà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fọwọ́ sí i.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún odindi Sófíẹ́tì pàdánù oníbàárà wọn nígbà tí ẹnubodè jáde lójijì, ìyẹn sì fọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Àmọ́ ohun tí òmíràn nínú wọn ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ mọ́. Iléeṣẹ́ ńlá Pivdenmash ní Dnipropetrovsk, ohun ìjà tó lè fò dé Amẹ́ríkà ló ń ṣe nígbà náà. Nígbà tí Ogun Tútù parí, bí wọ́n tilẹ̀ wà pa pọ̀, ta ni ì bá máa rà á?

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọwọ́ Estonia mọ́ pátápátá. Òfin wọn nígbà náà ní ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn 1940, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́ èdè, kó sì kọ̀wé béèrè kó tó di ọmọ onílùú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùgbé ni kò rí ìbò dì nínú ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ ní September 1992, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ elédè Rọ́ṣíà. Ní Narva, ìlú kan ní Estonia, níbi tí iléeṣẹ́ aṣọ Kreenholm ti ń lé òṣìṣẹ́ dànù, wọ́n dìbò ní July 1993 pé àwọn fẹ́ máa ṣàkóso ara wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìbò náà nù. Ọgbẹ́ yẹn jìn, kò sì tọ̀nà láti máa yin Estonia bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún ní àǹfààní tí Ukraine kò ní: wọ́n kéré, Finland wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn àgbà kan sì ṣì rántí ìgbà tí wọ́n dá dúró láàárín 1918 sí 1940.

Ukraine so gègé ẹ̀yáwó mọ́lẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní September 1996, Viktor Yushchenko, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, gbé hryvnia jáde: karbovanets 100,000 sí hryvnia 1. Wọ́n mú ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó dọ́là jọ láti 1992 ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ra iléeṣẹ́ ìjọba. Ní 2004, wọ́n ta Kryvorizhstal, iléeṣẹ́ irin tó tóbi jù lọ ní Ukraine, fún nǹkan bíi $800 mílíọ̀nù. Rinat Akhmetov àti Viktor Pinchuk ló rà á, Pinchuk sì jẹ́ ọkọ ọmọ ààrẹ ìgbà náà, Leonid Kuchma. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà, ilé ẹjọ́ fagi lé títà náà. Ní October 2005 wọ́n tún un tà ní gbàǹjo lórí tẹlifíṣọ̀n, lójú gbogbo aráàlú. Mittal Steel san $4.8 bílíọ̀nù fún un.