Kí ni ìtẹ́wọ́gbà ará ìlú nínú ọ̀ràn ẹja àtọ̀húnrìnwá?

Ẹja àtọ̀húnrìnwá ni ẹja tí ènìyàn gbé dà sínú omi tí irú rẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀, tó wá ń bí sí i níbẹ̀, tó ń jẹ ẹja onílé run. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ kápá irú ẹja bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ìmọ̀ ẹja nìkan kò lè dáhùn: ṣé àwọn tó ń gbé létí omi yóò fara mọ́ ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ṣe é? Ìyẹn ni ìtẹ́wọ́gbà ará ìlú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ará ìlú bá ti mọ̀ pé ẹja náà burú, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè kórìíra ẹja, kó sì kórìíra oògùn tí wọ́n fẹ́ fi pa á. Ẹ wo adágún Davis ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọdún 1994 ni wọ́n rí ẹja páìkì níbẹ̀, ẹja ẹlẹ́nu gígùn tó ń fi eyín ṣóńṣó gbé ẹja mìíràn mì. Ẹja tráòtì ló ń fa àwọn apẹja wá sí Portola, ìlú kékeré tó wà nítòsí, owó àwọn àlejò yìí sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ ń jẹ. Ìjọba ń bẹ̀rù pé bí páìkì bá bá odò Feather lọ, ẹja sámọ́nì tó wà nísàlẹ̀ odò kò ní rí ara gbé. Wọ́n ní àwọn yóò da rotenone, oògùn tó ń pa ẹja, sínú adágún. Láti ara gbòǹgbò àwọn ewéko kan ni wọ́n ti ń rí i. Kì í jẹ́ kí ara ẹja lè lo afẹ́fẹ́ tó ń mí. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, àwọn apẹja a máa gún un, wọn a dà á sódò kí ẹja lè léfòó.

Ṣùgbọ́n omi adágún yìí ni Portola ń mu. Omi tí wọ́n ń bù fún ọmọ! Ará ìlú fárí gá, wọ́n wọ́de, àwọn kan tiẹ̀ fi ṣéènì de ara wọn mọ́ ohun tó léfòó lórí omi. Ìjọba kò yí ìpinnu padà. Ní oṣù Kẹwàá 1997, wọ́n da oògùn náà. Èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjọba sì padà san mílíọ̀nù 9.2 dọ́là fún ìlú àti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà pa lára. Nígbà tó di 1999, páìkì tún yọjú.

Inú máa ń bí mi bí àwọn aláṣẹ bá ní ìlanilọ́yẹ̀ ni irú àwọn ará ìlú bẹ́ẹ̀ nílò. Òye kọ́ ni wọ́n ṣaláìní. Ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi tó ń mu yóò béèrè ẹ̀rí nígbà mìíràn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kà níbì kan pé ará ìlú kò fẹ́ kí wọ́n pa ẹja kan, ẹ wo ohun tí wọ́n bi wọ́n gan-an: ṣé ẹja náà ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà pa á, àbí àwọn tí yóò pa á?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi àwọ̀n àti iná mànàmáná kó páìkì tó lé ní 60,000 ní adágún Davis, kò tán. Wọ́n tún padà sórí rotenone. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ti ṣí ọ́fíìsì sí Portola, ará ìlú ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ àpòpọ̀ oògùn, ìlú kò sì mu omi adágún náà mọ́ látìgbà ti àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2007 tí wọ́n dà á, irú ìjà 1997 kò wáyé. Wọ́n kó tráòtì padà sínú omi, àwọn apẹja sì padà dé.