Ohun tí paralegal ìjọba ń ṣe nídìí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn l'Amẹ́ríkà

Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í gbọ́ ẹjọ́ lọ́tun. Ẹlẹ́rìí kì í gun àpótí níbẹ̀, júrì kì í jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀rí tuntun wá. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà ń jókòó sí ẹjọ́ kan, ìwé ni wọ́n sì ń kà: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ìsàlẹ̀, àti ìwé àwíjàre tí lọ́yà tọ̀tún-tòsì kọ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń dá láìjẹ́ pé lọ́yà kankan la ẹnu níwájú wọn. Nígbà tó jẹ́ pé ìwé ló ń rojọ́, ẹni tó ń tọ́jú ìwé kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Ní ọ́fíìsì ìjọba, paralegal ni wọ́n ń pè é.

Paralegal kì í ṣe lọ́yà. Nínú ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nọ́ńbà 0950 ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ náà mọ̀, kò sì di dandan kí ẹni tó fẹ́ ṣe é ti gboyè nínú ìmọ̀ òfin. Kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí òfin, kò gbọ́dọ̀ rojọ́ ní kóòtù, kò sì lè buwọ́ lu ìwé àwíjàre. Lọ́yà tó ń bá ṣiṣẹ́ ló máa dáhùn fún ohun tó bá ṣe. Àmọ́ nígbà tí ẹjọ́ bá pọ̀ lọ́rùn lọ́yà, paralegal ló máa ń mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé.

Ọjọ́ kíkà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, olùjẹ́jọ́ ní 14 ọjọ́ láti fi ìwé sílẹ̀ pé ìdájọ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn; ìjọba ní 30 ọjọ́. Nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, 30 ọjọ́ ni, àfi tí ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú ẹjọ́ náà, tó máa ń di 60 fún gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ààyè yẹn wúlò fún ìjọba, nítorí lọ́yà ìjọba tó pàdánù kò lè dá pinnu láti lọ sókè. Solicitor General ní Washington, ìyẹn lọ́yà àgbà tó ń ṣojú ìjọba àpapọ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìmọ̀ràn á sì gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìdáhùn bá ń pẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù kí àkókò má baà kọjá. Bí Washington bá ní rárá, wọ́n á fà á padà.

Ọjọ́ tí ìdájọ́ wáyé kò sí nínú kíkà. Sátidé àti Sọ́ńdè tó wà láàárín wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Aago méjìlá òru ni gbèdéke fún ìwé tí wọ́n bá fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé wọ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, àmọ́ aago ìlú tí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà kóòtù wà ni wọ́n ń wò. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti Hawaii ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní San Francisco. Nígbà tí aago bá lu méjìlá òru níbẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ní Honolulu. Nígbà ooru, mẹ́sàn-án péré ni.

Ẹni tó bá rò pé kóòtù máa ṣàánú ẹni tó pẹ́, kó wo ẹjọ́ Bowles àti Russell. Òfin fún Bowles, ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 14 ọjọ́. Adájọ́ kóòtù ìsàlẹ̀ fún un ní 17, ó kọ ọ́ sínú àṣẹ pé títí di ọjọ́ 27 oṣù kejì ni. Wọ́n gba adájọ́ gbọ́, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ 26. Ní 2007, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ó ti pẹ́ jù, pé kóòtù kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ tí àkókò tí òfin là sílẹ̀ fún un ti kọjá. Ọ̀rọ̀ náà le, adájọ́ mẹ́rin yòókù kò sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun ló di òfin. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: paralegal tó mọṣẹ́ máa ń ka ọjọ́ fúnra rẹ̀, kódà bí adájọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ló kàn. Láàárín 14 ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀, ẹni tó pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kóòtù ìsàlẹ̀, tí kò bá tíì sí nínú fáìlì. Ọjọ́ tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rárá lójú àwọn adájọ́ òkè. Nítorí náà ni paralegal ṣe ń to ọjọ́ ìjókòó kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó fò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn, tó sì ti ń gba agbára jù, ni yíyẹ ìwé àwíjàre wò kó tó jáde. Gbogbo ohun tí lọ́yà bá sọ pé ó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ewé tí wọ́n ti lè rí i. Ká ní ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí rí olùjẹ́jọ́ nínú mọ́tò, ojú ewé 212. Paralegal á ṣí ojú ewé 212, á bá a níbẹ̀ pé ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ni pé, "Ẹnì kan tó jọ ọ́ ni mo rí." Ìdáhùn tó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lè wà ní ojú ewé 215, lẹ́yìn tí wọ́n tún ìbéèrè bi í, ó sì lè má sí níbì kankan. Bó bá wà, á tún nọ́ńbà ṣe. Bí kò bá sí, á kọ ọ́ sétí ìwé pé gbólóhùn yìí kò dúró. Kò rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ẹni nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí ìwé sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́la, àmọ́ bí wọn kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu paralegal, lọ́yà alátakò á sọ ọ́ fún kóòtù.

Bákan náà ni pẹ̀lú àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fà yọ: ṣé ọ̀rọ̀ adájọ́ gan-an nìyí, ṣé kóòtù mìíràn kò tíì wọ́ ọ nílẹ̀, ṣé ẹjọ́ náà tiẹ̀ wà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe àwàdà mọ́. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà kan lórí, nítorí wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ síwájú kóòtù.

Títo ìwé ní òfin tirẹ̀. Ìwé àwíjàre àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 13,000 lọ, ìwé èsì kò sì gbọ́dọ̀ ju 6,500. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀, èèpo ìwé ẹni tó pe ẹjọ́ máa ń jẹ́ búlúù, ti ẹni tó ń dáhùn pupa, ti èsì á ní àwọ̀ eérú. Wọ́n tún máa ń ṣe atọ́ka gbogbo ẹjọ́ àti òfin tí wọ́n mẹ́nu kàn, pẹ̀lú ojú ewé. Bí lọ́yà bá yọ ìpínrọ̀ kan ní ojú ewé 9, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lè yí padà, nítorí náà ó yẹ kí atọ́ka gbẹ̀yìn gbogbo iṣẹ́. Lọ́yà kì í sábà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ìwé tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ bo àṣírí: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ló lè hàn nínú nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn), lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ni fún ọmọdé, ọdún nìkan ni fún ọjọ́ ìbí. Kíkun ojú ọ̀rọ̀ ní dúdú lórí kọ̀ǹpútà kò tó. Ní oṣù kìíní 2019, àwọn lọ́yà Paul Manafort, tó ti darí ìpolongo ìbò Donald Trump rí, gbé ìwé wọlé tí wọ́n kun bẹ́ẹ̀, àwọn oníròyìn kàn da ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn, wọ́n sì kà á. Paralegal tó fẹ́ sùn dáadáa á gbìyànjú láti da tirẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Bí kóòtù bá ní kí lọ́yà wá sọ̀rọ̀, paralegal á to fáìlì tó máa gbé dání, kí ojú ewé tí adájọ́ bá béèrè lè tètè yọ. Lẹ́yìn ìdájọ́, ọjọ́ kíkà tún bẹ̀rẹ̀: 14 ọjọ́ láti bẹ kóòtù pé kó tún ẹjọ́ yẹ̀ wò, 45 bí ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àti 90 ọjọ́ láti tọ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ. Bí ìjọba bá fẹ́ débẹ̀, ẹjọ́ á kúrò lọ́wọ́ ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba ní àgbègbè, á bọ́ sọ́wọ́ Solicitor General. Ohun tó kù fún paralegal ni kó di àkọsílẹ̀ náà pé pérépéré, kó sì fi ránṣẹ́ sí Washington.