Ìsínwín àti ipa ẹbí nínú ìtọ́jú rẹ̀

Ìsínwín ni ipò tí ènìyàn máa ń bọ́ sí nígbà tí kò bá lè mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàárín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ àti ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Aláìsàn lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó lè gbà pé wọ́n ń ṣọ́ òun tàbí pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì lè máa ta kókó. Schizophrenia ni èyí tí a mọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tó ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 300 ló ní in. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tètè yọjú lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń pín àìsàn yìí sí ọ̀nà oríṣiríṣi tipẹ́. Abísínwín ni ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, pàjáwìrì sì ni, nítorí pé ìyá àti ọmọ ló wà nínú ewu. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbádùn pátápátá. Òde orí, tí nǹkan á máa rìn lórí ènìyàn tí etí á sì máa pariwo, yàtọ̀ sí èyí: àníyàn tàbí ìbànújẹ́ ọkàn tó jinlẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Àmì tó ń ṣáájú

Ìsínwín kì í sábà bẹ́ lójijì. Fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀ ṣáájú, ènìyàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kò ní sùn mọ́ lóru, kò ní wẹ̀ déédéé, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ á wọlẹ̀, ó lè máa dá rẹ́rìn-ín tàbí kó máa ti fèrèsé pa lójú ọ̀sán. Àwọn òbí máa ń pe èyí ní ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga. Àkókò yìí gan-an ni ìtọ́jú rọrùn jù, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń ṣòfò jù.

Ẹni tó bá ṣàdédé dàrú láàárín wákàtí mélòó kan, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ibà tó wọ ọpọlọ, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, orí tó fara gbá nǹkan, àti igbó tàbí oògùn olóró lè fa irú rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbogboogbò ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ètò abúlé Àrò

Ilé àwọn ọmọ ogun tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì dé pẹ̀lú àárẹ̀ ọpọlọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí sí Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1944. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó dúró de ìgbà tí wọ́n á parí kíkọ́ ilé ìwòsàn náà, ó bá àwọn baálé abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ó ní òfin kan tí kò yẹ̀: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé, aláìsàn á bá wọn ṣe iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ohun tó jẹ́ kí ètò yìí níye lórí ni pé ará ilé tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ti rí oògùn tó ń ṣiṣẹ́, ó ti mọ bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kò sì bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá darí sílé. Owó rẹ̀ tún kéré ju ti kíkọ́ wọ́ọ̀dù lọ. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá; ó kú ní 2004.

Oògùn, àti ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Haloperidol, chlorpromazine, risperidone àti olanzapine wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Oorun á kọ́kọ́ padà, ara tí kò balẹ̀ á rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohùn àti ìfura máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń sọ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé oògùn kò jẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ sí ibòmíràn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ haloperidol, pàápàá fún ọ̀dọ́kùnrin, ọrùn rẹ̀ lè ṣàdédé lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyinjú á yí sókè, àgbọ̀n á le, ahọ́n á yọ síta. Ará ilé á ní ẹ̀mí àìmọ́ ló gbé e. Oògùn ló fà á. Abẹ́rẹ́ bíi promethazine tàbí biperiden máa ń tú u sílẹ̀, kì í sì í pẹ́. Benzhexol, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, ni wọ́n sábà máa ń kọ kó má bàa tún wáyé. Ọwọ́ gbígbọ̀n, itọ́ dídà àti ara tó ń wúwo tún wọ́pọ̀. Dókítà lè dín ìwọ̀n oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ara bá gbóná gan-an tí iṣan sì le bí igi, kí wọ́n má tún fún un ní oògùn náà mọ́, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìsínwín àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn lo oògùn fún ọdún kan sí méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá. Ẹni tó bá dá a dúró kì í sábà ṣàìsàn lọ́jọ́ kejì. Ara rẹ̀ tilẹ̀ lè fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, nítorí pé oorun oògùn ti kúrò lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹbí kì í fi í rántí oògùn nígbà tí àìsàn bá padà dé. Ẹni tí wọ́n bá jà ni wọ́n á máa fura sí. Fún ẹni tó bá ń gbàgbé tàbí tó ń tu oògùn nù, abẹ́rẹ́ fluphenazine wà, èyí tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra.

Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń tọ́jú wèrè láti ìgbà pípẹ́, ní èròjà reserpine nínú, ó sì ń mú ara rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá ìbànújẹ́ ọkàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn, aláìsàn lè dákú. Kí ẹbí tó ń lò ó sọ fún dókítà láìfi bò.

Nínú ilé

Bí aláìsàn bá ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi ni?", kí wọ́n má ṣe dá a lóhùn pé irọ́ ló ń pa, kí wọ́n má sì bá a wá ẹni tó ń bú u. Ohun tó sàn ni: "Èmi ò gbọ́ ọ o, àmọ́ mo rí i pé ó ń bà ẹ́ lẹ́rù. Wá jókòó tì mí." Gbólóhùn kúkúrú, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn jẹ́jẹ́, kí ọ̀nà àbájáde má sì dí.

Ìwádìí tí George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní London ní àwọn ọdún 1950 fi hàn pé ilé tí èébú, àríwísí àti àṣejù nínú ìkẹ́ aláìsàn ti pọ̀ ni àìsàn ti máa ń tètè padà. Iṣẹ́ kékeré dára fún un: kó gbálẹ̀, kó pọnmi, kó wẹ̀ lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Igbó àti ọtí ni kó sá fún.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ààwẹ̀ tipátipá kò wo ìsínwín sàn. Ọgbẹ́, àìlera àti ìbẹ̀rù ni wọ́n ń dá kún un, aláìsàn kì í sì í gbọ́kàn lé ẹni tó dè é mọ́lẹ̀. Àdúrà kò lòdì sí oògùn. Ẹni tó bá ń gbàdúrà lè máa lo oògùn rẹ̀ lọ.

Ewu pípa ara ẹni pọ̀ láàárín àwọn tó ní àìsàn yìí, pàápàá nígbà tí ojú wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ti pàdánù. Kí ẹbí bi aláìsàn ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti kú. Ìbéèrè náà kì í fi èrò sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó ṣẹ́kù kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ka gbígbìyànjú àtipa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan, èyí ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún dókítà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, gba ipò òfin àtijọ́ tó ti ayé àwọn amúnisìn wá. Ó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lóhùn nínú ìtọ́jú ara rẹ̀.