Owó Alábòójútó Tí Ẹ Ń Yọ Kúrò

"Ẹ bá wa yọ èyí kúrò." Ohun tí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fi owó ìlú kọ́ ilé ìwé máa ń wí nìyẹn bí mo bá gbé ìwé ìṣirò owó iṣẹ́ síwájú wọn. Wọn kì í yọ ọ̀dà iwájú ilé kúrò o. Wọn kì í fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà gbàǹgbà tí wọ́n máa gé rìbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa rẹ́, owó alábòójútó ló tẹ̀ lé e, owó àtúnṣe ọdọọdún ló kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló burú, àmọ́ ti alábòójútó ló ń bí mi nínú jù.

Iṣẹ́ alábòójútó ni kó rí ohun tí ojú kankan kò ní rí mọ́ bí ilé bá ti dúró. Ó ń ka irin inú òpó kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó. Ó ń bu díẹ̀ nínú kọnkéré náà sínú àpótí irin kékeré, yóò jẹ́ kó gan fún ọjọ́ 28, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, ká lè mọ ẹrù tó lè gbé. Fọ́tò tí agbaṣẹ́ṣe fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2016, ìjì jà ní Edinburgh, olú ìlú Scotland. Ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Oxgangs wó lulẹ̀, ẹrù rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, àwọn ọmọ kò tíì dé. Ilé tí kò tíì ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ! Gbogbo ènìyàn ń pariwo ìjì. Ìwádìí tí John Cole, ayàwòrán ilé, ṣe, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2017, ló tú àṣírí: ògiri náà jẹ́ awẹ́ méjì, àlàfo wà láàárín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó so ti inú mọ́ ti ìta. Ó yẹ kí irin yẹn wọ inú awẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mílímítà 50. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọlé tó bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ń mọ ọ́n lọ, kò sẹ́ni tó yọjú wò ó, ògiri sì bò ó mọ́lẹ̀. Kí oṣù Kẹrin ọdún 2016 tó parí, ilé ìwé 17 ni ìlú náà ti tì pa nítorí ìbẹ̀rù irú àbùkù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa kó ọmọ tó lé ní 7,000 sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Fọ́mánù á ní ojú òun tó láti mọ kọnkéré tó dára, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú wo ló ń rí inú òpó? Ẹlòmíì á ní àwọn ti gbàdúrà sí ìpìlẹ̀. Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò ni mo bèèrè, ẹni tí kò bá sì ní in lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ bá mi jiyàn lórí iṣẹ́ tí mo kọ́.

Ní Sichuan, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì lọ́sàn-án ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Níbòmíì, ilé ìwé wó palẹ̀ nígbà tí àwọn ilé tó yí i ká ṣì dúró. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka akẹ́kọ̀ọ́ 5,335 tó kú tàbí tí wọn kò rí mọ́. Àwọn òbí tó ń bèèrè bí wọ́n ṣe da kọnkéré ilé wọ̀nyẹn, ìyà ni wọ́n fi jẹ àwọn kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀, ẹ bèèrè ẹni tó ń sanwó fún alábòójútó. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló ń san án, ẹ ò ní alábòójútó nìyẹn. Bí owó kò bá sì tó, ẹ yọ kíláàsì kan kúrò, kí ẹ fi owó rẹ̀ gba ẹni tiyín.